Wọ́n Pa Fáànù Lẹ́nu Mọ́, Ẹ́ńjìnì Jó Mọ́ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Lọ́wọ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ooru o! Ẹ kú òógùn, ẹ kú àìrójú sùn. Ẹni tó bá ń jókòó sábẹ́ páànù lọ́jà lásìkò yìí mọ ohun tí mò ń wí. Láti ìparí oṣù kejì títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tí kì í wá abẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò rí abẹ̀bẹ̀ á fa páálí ya, ẹni tí kò rí páálí á fi etí ìró fẹ́ra. Mọ́tò náà ní abẹ̀bẹ̀ tiẹ̀, fáànù là ń pè é, òun ló sì gbé ọ̀rọ̀ wa dé lọ́sẹ̀ yìí.

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi, àmọ́ ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni, mi ò yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá náà wí:

“Olóòtú, mo kí yín o, mo kí gbogbo ilé iṣẹ́ yín. Èmi ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà n'Ìbàdàn ni mo ní kí ọmọ mi bá mi kọ ìwé yìí. Ṣàkì ni mo ti ń ra ọjà. Lọ́dún tó kọjá mo ra Sienna kan tí mo fi ń kó ẹrù. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo fi kún èyí tí mo ní, mi ò sì tíì san án tán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé ló ń wà á fún mi.

“Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀, fáànù iwájú mọ́tò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Á máa dún gìrìgìrì, á sì tún máa ha nǹkan kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bí a bá ti wọ ọjà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní, ‘Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ti gbé ẹ̀rọ ìlọta dé o!’ Ojú ń tì mí. Mo ní kí ọmọ náà lọ wá nǹkan ṣe sí i. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ríwáyà kan, kò pẹ́ rárá tó fi gbé e dé, ariwo ti lọ! Inú mi dùn débi pé mo tún fi owó míníràlì ránṣẹ́ sí ríwáyà náà lọ́tọ̀.

“Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, a ń bọ̀ láti Ṣàkì pẹ̀lú ẹrù, a gba Ìṣẹ́yìn, a já sí Mọníyà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà níbẹ̀, ọ̀sán gangan sì ni. Ọmọ náà ní, ‘Mọ̀ọ́mì, ọwọ́ géèjì ti ń lọ sókè o.’ Mo ní kó máa wà á lọ, pé oníbàárà mi ń dúró dè mí, àti pé Bódìjà kò jìnnà mọ́. Kò pẹ́ ni èéfín funfun bo iwájú mọ́tò. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré ṣí ìdérí rédíétọ̀, ni omi gbígbóná bá tú jáde, ó bó o lápá, ó bó o láyà. Mẹkáníìkì wá wò ó, ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ti jó, orí ẹ́ńjìnì gan-an ti wọ́, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fá a. Owó tí wọ́n kà sílẹ̀ fún mi ju àjọ oṣù márùn-ún lọ.

“Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí, pé ẹni tó ń fi ariwo mọ́tò mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà mọ̀ nípa ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n lé ọmọ náà lọ, kí n sì gba owó náà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó lọ. Olóòtú, ta ló jẹ̀bi? Kí ni kí n ṣe?”

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ bá wa kí ọmọ náà, Ọlọ́run á wò ó sàn. Ẹjọ́ yín kò ṣòro dá, àmọ́ mi ò ní í dá a títí n ó fi ṣàlàyé iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe níbi tó wà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ni mọ́tò, tó sì ń wà á, ni kò mọ̀ ju pé ó ń fẹ́ atẹ́gùn lọ.

Iná ló ń jó nínú ẹ́ńjìnì, kì í sì í kú níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́. Omi ló ń yí ká inú ẹ́ńjìnì láti gba ooru iná yẹn, á gbé e wá síwájú, sínú rédíétọ̀. Ọ̀pá tín-ín-rín tín-ín-rín ló wà nínú rédíétọ̀, pẹ̀lú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín wọn, kí omi gbígbóná lè tẹ́ káàkiri kí atẹ́gùn sì rí i gbá mú. Ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀kọ mímu ẹ mọ̀ ọ́n: èyí tó wà nínú ìkòkò kì í tètè tutù, èyí tí ẹ bá bù sínú abọ́ pẹrẹsẹ ló ń tutù wéré, ẹ sì lè tún fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ bí oníbàárà bá ń kánjú. Rédíétọ̀ ni abọ́ pẹrẹsẹ, fáànù ni abẹ̀bẹ̀.

Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà fúnra ẹ̀ ló ń gba inú rédíétọ̀ kọjá, fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ má níṣẹ́ kankan. Ìgbà tí mọ́tò bá dúró, tàbí tó bá ń rìn bí ìgbín, kò sí atẹ́gùn mìíràn mọ́ ju ti fáànù lọ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn, ìyá wa, tí ẹ fi lọ Ṣàkì tí ẹ sì bọ̀ láìsí wàhálà lẹ́yìn tí ríwáyà ti fọwọ́ kan mọ́tò yín. Ojú ọ̀nà ń bá yín fẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹ dé Mọníyà, tí ọkọ̀ dì pọ̀, ìgbà yẹn ni mọ́tò béèrè abẹ̀bẹ̀ ẹ̀, kò sì rí i.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, iná mànàmáná ló ń yí fáànù, kì í sì í yí nígbà gbogbo. Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń ṣọ́ bí omi ṣe gbóná sí. Bó bá ti tó nǹkan bíi dìgírì 95 sí 100, fáànù á bẹ̀rẹ̀, bó bá rọlẹ̀ díẹ̀, á sinmi. Bí ẹ bá tan éésì, fáànù á tún dìde, torí éésì náà ní rédíétọ̀ tiẹ̀ níwájú níbẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ wá wò ó báyìí: láàárọ̀ ọyẹ́, atẹ́gùn tó ń wọlé lè má ju dìgírì 20 lọ. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, ó lè jẹ́ 36. Èwo ló máa tètè mú omi náà tutù nínú méjèèjì? Nítorí náà, nígbà ooru fáànù á pẹ́ kó tó sinmi, gbogbo agbára ẹ̀ ló sì máa fi yí. Ìró á pọ̀ ju ti ìgbà òjò lọ.

Ìró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Á kàn máa dún hùùùù bí atẹ́gùn òjò tó ń bọ̀ lókèèrè, ohùn ẹ̀ á lọ geerege, mọ́tò kò sì ní í gbọ̀n. Bí omi bá ti tutù, á dákẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun pa irú ìró yẹn, ńṣe ló dà bí ẹni tó gba alágbàṣe sóko tó ní kó má mí.

Àmọ́ ti yín yàtọ̀, ìyá wa. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tí ẹ kọ sínú ìwé yẹn ni mo fi mọ̀. Ìyá ọmọ mọ igbe ebi yàtọ̀ sí igbe inú rírun, ẹni tó ni mọ́tò náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bó bá ń ha nǹkan kẹ̀kẹ̀kẹ̀, apá fáànù ló ń kan ike tó yí i ká, tàbí ọ̀rá, ewé tàbí okùn kan ti há síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé irin àárín ẹ̀rọ tó ń yí fáànù ti jẹ, tí fáànù wá ń jó bí kẹ̀kẹ́ tí nọ́ọ̀tì ẹ̀ ti tú. Bó bá ń ké fíìn-fíìn bí eku, ẹ̀rọ náà ti gbẹ nínú, kò ní í pẹ́ kú. Bó bá ń gbọn gbogbo iwájú mọ́tò jìgìjìgì, ẹ wò ó bóyá apá fáànù kan ti kán. Mo ti rí fáànù tó kán apá kan tí wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí apá kejì tó wá fò ya tó sì gún rédíétọ̀. Ẹ ò rí i pé owó fáànù ti di owó fáànù àti ti rédíétọ̀.

Ti ẹ̀yin tó ń lo bọ́ọ̀sì HiAce tàbí píkọ̀ọ̀pù lè yàtọ̀ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ló ń yí fáànù, kì í ṣe iná mànàmáná. Ohun róbótó kan wà láàárín fáànù tó ní òróró tó ki nínú, òun ló ń pinnu ìgbà tí fáànù máa di ẹ́ńjìnì mú ṣinṣin àti ìgbà tó máa jù ú sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹná láàárọ̀ tó hó gùùù fún ìṣẹ́jú kan tó sì rọlẹ̀, kò sí láburú. Bó bá ń hó bíi ti tírélà láti àárọ̀ dalẹ́, nǹkan róbótó yẹn ti gan. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni èyí tó bàjẹ́ sí ìhà kejì: kò ní í dún rárá, awakọ̀ á máa yangàn pé mọ́tò òun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnì á sì máa sè lábẹ́nú.

Mo mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ àìbìkítà yìí. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí Fọ́kẹ̀sì tí à ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó lọ́dún 1975. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò ní omi, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà, atẹ́gùn lásán ni fáànù ẹ̀ ń fẹ́ sára irin ẹ́ńjìnì. Bẹ́líìtì ló ń yí i, kì í sinmi, ariwo ni láti ìdí kan dé ìkejì. Ẹni tó bá wa Ìjàpá gbà pé bí mọ́tò ṣe ń pariwo ni ìlera ẹ̀. Síbẹ̀, awakọ̀ Ìjàpá gidi mọ òfin kan: bí iná pupa bátìrì bá tàn lójijì lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, fáànù sì ti dúró nìyẹn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló máa dúró. Ẹ̀kọ́ tó yẹ ká mú kúrò lára Ìjàpá nìyẹn, àfi bí a ṣe lọ mú ariwo.

Ká padà sọ́dọ̀ ríwáyà yín. Ohun tó ṣe kò ṣòro mọ̀. Fáànù méjì ló wà níwájú Sienna. Ó fa wáyà èyí tó ń pariwo yọ, ó gba owó, ó ní ó ti dára. Ó rò pé ọ̀kan tó kù á tó. Lálẹ́, lójú ọ̀nà tó já gaara, ó lè tó. Pẹ̀lú ẹrù èlùbọ́ lẹ́yìn, lọ́sàn-án oṣù kẹta, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò lè tó láé.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń fi ẹlòmíì ṣẹ̀sín, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Èmi náà ti ra ìyà yìí rí, àmọ́ apá kejì ẹ̀ ni tèmi. Sẹ́ńsọ̀ mọ́tò mi bàjẹ́, fáànù kì í dìde mọ́. Ríwáyà kan tó wà nítòsí ilé mi ní kí n má dààmú, òun á so ó tààrà. Ẹ̀yin tó ń wa mọ́tò ẹ mọ “dáírẹ́ẹ̀tì”. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí ni fáànù á dìde, kò ní í sinmi títí n ó fi pa mọ́tò. Mẹkáníìkì náà sì yọ tamọsítáàtì dànù, ó ní kò wúlò nílẹ̀ olóoru. Inú mi dùn, owó péréte ni mo san. Láàárọ̀ kùtù, bí mo bá tẹná, ará ilé kejì á ní, “Bàbá, ẹ ti ń lọ nìyẹn?” Gbogbo àdúgbò ló mọ ìgbà tí mò ń jáde.

Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni pé ẹ̀rọ fáànù tí kì í sinmi á tètè gbó, pé iná tó ń fà ń ni bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń kún un lára, àti pé tamọsítáàtì tí wọ́n jù nù yẹn níṣẹ́. Òun ló ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ó máa ń ṣí ní nǹkan bíi dìgírì 82 sí 90. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń tètè jẹ nínú. Ilé olóoru kọ́, ilé olótùútù kọ́, gbogbo ẹ́ńjìnì ló fẹ́ ìwọ̀n ooru yẹn. Mo ń sanwó epo, mò ń gégùn-ún fún àwọn elépo, láìmọ̀ pé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ni olè wà. Nígbà tí fáànù náà kú pátápátá, ìwàásù ìsìnkú ló bá mi lọ́nà ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé a kì í kánjú nídìí òkú. Mo dúró sójú oòrùn fún bíi wákàtí mẹ́ta. Mẹkáníìkì àgbà kan ló wá fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i, ó dá tamọsítáàtì padà, ó fi fáànù mìíràn rọ́pò. Owó gbogbo ẹ̀ kò tó èyí tí mo ti dà sínú epo.

Ó dáa, ẹjọ́ wá yá.

Ẹ̀bi tó pọ̀ jù, ti ríwáyà ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni, ó mọ ohun tí fáànù wà fún. Bó bá ní, “Mo kàn yọ ọ́ ni o, ẹ má kó ẹrù lọ́sàn-án títí ẹ ó fi ra òmíràn,” mi ò ní í bá a wí. Àmọ́ ó ní ó ti dára. Ẹ má lọ bá a jà, ẹ má sì gbé ọlọ́pàá lọ. Ẹ lọ bá alága ẹgbẹ́ wọn, ẹ mú mẹkáníìkì tó tú u wò dání kó fi wáyà tí wọ́n fà yọ hàn. Ó kéré tán, kó dá owó yín padà, kó sì bá yín so fáànù tuntun láìgba kọ́bọ̀. Bóyá ẹgbẹ́ á tún rí nǹkan mìíràn gbà fún yín, ọwọ́ wọn nìyẹn kù sí.

Ẹ̀bi kejì, ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, ti yín ni. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ síbẹ̀, mo sì gbóṣùbà fún yín pé ẹ kò fi pa mọ́. Ọmọ náà sọ fún yín pé ọwọ́ géèjì ti ń lọ sókè. Bí ẹ bá ti dúró ní ìṣẹ́jú yẹn, fáànù nìkan lẹ máa rà lónìí. Ẹ́ńjìnì tó gbóná tó sì dúró lè yè é. Èyí tó gbóná tí wọ́n ṣì ń wà lọ, òun ló ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì, òun lorí ẹ̀ ń wọ́. Oníbàárà tí ẹ ń sáré lọ bá, ṣé ó padà rí èlùbọ́ rà lọ́jọ́ náà?

Ọmọ náà ní ẹ̀bi tiẹ̀, ó ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná, mo sì ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Àmọ́ nínú gbogbo yín, òun nìkan ló sọ̀rọ̀ nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ó ti fi awọ ara ẹ̀ san tiẹ̀. Bí ẹ bá lé e lọ tàbí tí ẹ bá yọ owó lára ohun tí ẹ ń fún un, ohun tí ẹ ń kọ́ ọ ni pé nígbà mìíràn tí géèjì bá lọ sókè, kó dákẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ lẹ́nu yín pé ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn ló tọ̀nà, torí ọmọ aláìníyàá kì í béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, á kàn máa gbé e sínú ni.

Ní ti ayé tí wọ́n ní ó ń ṣe yín, mi ò sọ pé ayé kò sí o. Àmọ́ wáyà fáànù tí wọ́n fà yọ, ojú la fi ń rí i. Ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò yín ń pariwo, bí a bá fi dídùn yẹ̀ ẹ́ wò, òun gan-an ló kọ́kọ́ gbọ́ pé mọ́tò yín ń ṣàìsàn.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ ká sọ ti ojú ọ̀nà. Bí ọwọ́ géèjì bá kọjá ibi tó máa ń wà, tàbí iná pupa ooru tàn, ẹ kọ́kọ́ pa éésì. Bí ẹ bá wà níbi tí ẹ kò ti lè yà, ẹ tan híta, bẹ́ẹ̀ ni, híta tó ń fẹ́ ooru, kó wà lókè pátápátá, kí ẹ sì ṣí wíńdò. Inú mọ́tò á gbóná bí ààrò, àmọ́ ooru ẹ́ńjìnì ló ń fà jáde yẹn. Kété tí ẹ bá rí ibi yà sí, ẹ pa mọ́tò, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí kò bá sí èéfín tó ń tú jáde, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìdajì wákàtí ó kéré tán, ó sì sàn kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má da omi tútù lu ẹ́ńjìnì tó gbóná, irin ẹ̀ lè sán.

Ìdérí rédíétọ̀ ńkọ́? Ìdérí yẹn kì í ṣe ọmọrí ìkòkò. Ó fún omi pa mọ́ nínú ni, kó má baà hó ní dìgírì 100 bí omi orí ààrò wa. Pẹ̀lú ìdérí yẹn lórí, ó lè tó nǹkan bíi 120 kó tó hó. Wàyí, bí ẹnì kan bá ṣí i lójijì, omi tó ti ju 100 lọ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò jáde lu ojú àti àyà. Ohun tó ṣe ọmọ yẹn nìyẹn. Títí ìdérí á fi ṣeé fọwọ́ dì mú láìjó yín, ẹ má ṣí i. Bó bá sì ti bó ẹnì kan, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ yọ aṣọ àti òrùka tí kò bá tíì lẹ̀ mọ́ ara, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ògì, ẹ má fi òróró ẹ́ńjìnì sí i. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé lò ó.

Ìyá wa, nígbà tí ẹ bá ń ra fáànù tuntun ní Géètì tàbí níbikíbi, tòkùnbọ̀ náà dára bó bá dára. Ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì yí i níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi ọwọ́ mi àárín ẹ̀ nígbà tí kò yí: bó bá ń mì sọ́tùn-ún mì sósì, ẹ dá a padà fún un. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi omi fọ eruku àti kòkòrò tó dí ojú rédíétọ̀, látinú síta, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ká má baà tẹ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú ẹ̀ pọ̀. Eruku ọ̀nà Ṣàkì kò kéré. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eruku yẹn ló kọ́kọ́ mú kí fáànù máa ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, kó tó gbó.

Àyè díẹ̀ ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí n dáhùn lẹ́tà kéékèèké méjì tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Télọ̀ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde kọ̀wé pé òun á pa mọ́tò, òun á yọ kọ́kọ́rọ́, fáànù á ṣì máa yí, ìyàwó òun sì ní kí òun tà á. Ẹ má tà á, bàbá. Wọ́n ṣe àwọn mọ́tò kan bẹ́ẹ̀, ó ń tu ẹ́ńjìnì lára ni, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á dúró. Bó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tàbí tó ń yí nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, rílé ẹ̀ ti lẹ̀, á mu bátìrì yín gbẹ mọ́jú, ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀. Torí èyí náà ni mo fi bẹ ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ pé kí ẹ má ki ọwọ́ sáàárín fáànù nítorí pé wọ́n ti pa mọ́tò. Kì í ké sí èèyàn kó tó dìde.

Bíríkìlà kan láti Ilé-Ifẹ̀ ní ṣé omi kànga kò tó fún rédíétọ̀ ni, pé owó oògùn inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Lójú ọ̀nà, bí kò bá sí òmíràn, omi èyíkéyìí tó mọ́ ló dáa kẹ́ ẹ fi délé. Àmọ́ omi lásán á dípẹtà nínú ẹ́ńjìnì, omi kànga mìíràn sì ní ẹfun tó ń dí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín yẹn. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ ra kúláǹtì tó tọ́ sí mọ́tò yín. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní ká fi omi lù ni, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tí wọ́n sè di ooru tó tún di omi, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú bátìrì.

Ẹni tó kọ̀wé láti Òndó nípa jẹnẹrétọ̀ tó ń ta èéfín dúdú, mo ti rí i, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ ríwáyà, ẹ kọ̀wé sí wa ohun tó wí.